Ìdì Ètò Tí Kò Gba Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Wọlé

Kì í ṣe dandan kí kọ̀ǹpútà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ètò tuntun tó lè wọ inú rẹ̀, Debian sì fi èyí hàn kedere. Debian ni ètò àgbà, ìyẹn èyí tó ń darí gbogbo ètò yòókù lórí ẹ̀rọ, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Inú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .deb ni wọ́n sì máa ń di ètò kọ̀ọ̀kan sí fún un. Irú ìdì bẹ́ẹ̀ lè ti inú fláàṣì wá, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí olùlò bá sì tẹ̀ sójú tẹ́míná, fèrèsé tí ènìyàn ti ń kọ àṣẹ sí ẹ̀rọ dípò kó máa tẹ àwòrán, ti tó láti tú u sí àyè rẹ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra dátà ní ìwọ̀n, tí iná sì lè lọ nígbà tí fáìlì ńlá ṣì ń wọlé lọ́wọ́, kì í ṣe nǹkan kékeré pé ìdì tí ẹnì kan gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè tó gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan lò. Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ubuntu láti ara Debian, náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn tó bá béèrè títí di ọdún 2011.

Irinṣẹ́ tó ń tú ìdì ni dpkg. Bí olùlò bá kọ sudo dpkg -i, tó sì fi orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e, sudo yóò gba páásíwọ́ọ̀dù, yóò fún àṣẹ náà ní agbára alákòóso ẹ̀rọ, dpkg yóò sì kó àwọn fáìlì inú ìdì sí fódà tó yẹ wọ́n, yóò kọ orúkọ ètò náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, yóò sì parí ìtò tó kù. Àṣẹ kan náà ni wọ́n fi ń sọ ètò di tuntun: bí ẹ̀dà àtijọ́ bá wà nílẹ̀, ti tuntun yóò rọ́pò rẹ̀, bí èyí tí olùlò gbé wá bá sì gbó ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, dpkg yóò kìlọ̀, ṣùgbọ́n kò ní dí i lọ́wọ́. Ìwà kan tún wà lára rẹ̀ tó yẹ fún ìyìn: bí olùlò bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣàtúnṣe sí fáìlì ìtò ètò kan, tí ẹ̀dà tuntun náà sì mú tirẹ̀ wá, dpkg yóò dúró béèrè èwo ni kí òun mú, ti olùlò ni yóò sì dá sí bí ó bá kàn tẹ Enter.

Ohun tó máa ń kó ìdààmú báni ni pé ètò kì í sábà dá iṣẹ́ ṣe. Púpọ̀ nínú wọn gbára lé ètò mìíràn, orúkọ àwọn wọ̀nyẹn sì wà nínú ìdì fúnra rẹ̀. dpkg lè ka orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò lè lọ wá wọn. Bí ọ̀kan kò bá sí nílẹ̀, yóò tú ìdì, yóò sì kọ̀ láti parí ìtò, bí ìyàwó tí wọ́n sin dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ tí kò sí ẹni tó bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. apt, irinṣẹ́ mìíràn tó wọ inú Debian ní ọdún 1999, tí wọ́n sì wá kọ́ láti lo fáìlì tó ti wà lórí ẹ̀rọ lẹ́yìn náà, lè yanjú èyí: sudo apt install ./ètò.deb, níbi tí ./ ti ń sọ fún un pé fáìlì inú fódà yìí ni, yóò wá àwọn tó kù fúnra rẹ̀. Àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùlò ń yẹra fún náà ni yóò ti lọ wá wọn. Ẹni tí kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá gbọ́dọ̀ kó gbogbo ìdì náà jọ láti orí ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n sì jẹ́ ti ẹ̀dà Debian kan náà àti irú ẹ̀rọ kan náà. Ó ń dáni lágara lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ ju ẹni tí apt ń bá ṣe gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ló le jù. Àwọn Debian máa ń buwọ́ lu àkọsílẹ̀ kan tó ṣe atọ́nà dé àmì ìdánimọ̀ ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí wọ́n ṣírò láti inú fáìlì náà, tí yóò yàtọ̀ bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yí padà nínú rẹ̀. Apt sì máa ń fi ohun tó gbà wé e. Ìdì tó gba inú fláàṣì wọlé kò gba abẹ́ àyẹ̀wò yìí kọjá, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára alákòóso. Nítorí náà, olùlò fúnra rẹ̀ ni yóò fi sha256sum ṣírò àmì náà, tí yóò fi wé èyí tí àwọn tó ṣe ètò náà gbé jáde, tí yóò sì fi dpkg --info wo ohun tí ìdì sọ nípa ara rẹ̀ kó tó tú u.

Ìṣòro kan wà tí kì í pariwo. Bí ìdì tí wọ́n fi ọwọ́ gbé wọlé kò bá sí nínú ibi ìkóètòpamọ́ kankan tí ẹ̀rọ náà mọ̀, apt upgrade, àṣẹ tó ń sọ àwọn ètò orí ẹ̀rọ di tuntun, kò ní rí ẹ̀dà tuntun fún un, kódà bí àwọn tó ṣe é bá ti tún ibi tí olè lè gbà wọlé ṣe, yóò sì jábọ̀ pé kò sí ohun tó kù láti ṣe. Àṣẹ apt list --installed máa ń kọ local sí ẹ̀yìn orúkọ irú ètò bẹ́ẹ̀, àwọn tó bá sì ní àmì yìí ni olùlò yóò máa wá ìdì tuntun wọn kiri fúnra rẹ̀.