Àṣàkẹ́ Kì Í Ṣe Asake



Àwa tí à ń tẹ ìwé ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìkómọjáde ní Adjarra níbí, Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan máa ń bí àwọn oníbàárà nínú: orúkọ á jáde ségesège, lẹ́tà kan á tóbi, èkejì á kéré. Ẹ wo Àṣàkẹ́. "ṣ" àti "ẹ́" á ga ju àwọn yòókù lọ, bí aṣọ tí a lẹ̀ ní àkísà.

Àwọn kan á ní, "Ẹ yọ àmì abẹ́ yẹn kúrò, kó lè gún régé." A kì í gbà. Àṣàkẹ́ ni ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Asake kò ní ìtumọ̀. Oríkì tí wọ́n fi pe ìyá láti kékeré kò yẹ kó sọnù lórí ìwé ìkẹyìn rẹ̀.

Àmì kọ́ ló jẹ̀bi, fọ́ǹtì ni. Bí fọ́ǹtì tí ẹ yàn kò bá ní "ṣ" tàbí "ẹ", Linux á lọ yá lẹ́tà náà lọ́wọ́ fọ́ǹtì míì. Bí lẹ́tà ṣe ga tó nínú fọ́ǹtì kan yàtọ̀ sí ti òmíràn: 12 ti ọ̀kan lè tóbi ju 12 ti èkejì lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ 12 di 11 tàbí 13, ségesège náà ni yóò máa jẹ́.

Ohun tí a máa ń ṣe nìyí. Ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ:

fc-list :lang=yo family

Á to orúkọ àwọn fọ́ǹtì tó ní lẹ́tà Yorùbá. DejaVu Sans àti Noto Sans ṣeé gbára lé. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ fi tẹ ìwé náà látòkè délẹ̀.

Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ tún lé kan. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990, "ɛ", "ɔ" àti "sh" ló ń lò. Nínú ìdílé kan náà, ará Àjàṣẹ́ lè kọ Àshàkɛ́, kí ará Èkó kọ Àṣàkẹ́. Fọ́ǹtì tó ní "ẹ" lè má ní "ɛ". Ẹ tún tẹ:

fc-list :charset=25b family

25b ni nọ́ńbà "ɛ" nínú Unicode. Fọ́ǹtì tó bá jáde nínú méjèèjì ni kí ẹ mú.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ètò kan ló kéré ju ti ètò kejì lọ, ọ̀ràn míì nìyẹn. Àwọn kan ń lo GTK, àwọn kan ń lo Qt, ibi tí a ti ń tún fọ́ǹtì wọn ṣe sì lè yàtọ̀. Ẹ yẹ méjèèjì wò.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ sọ wá di ẹni tí ń gé orúkọ ara rẹ̀ kúrú. Owó ìtẹ̀wé á tán, ṣùgbọ́n ìwé náà á wà nínú àpótí títí ọmọ-ọmọ á fi kà á. Ẹ fi han àwọn ọmọ tó ń bá yín tẹ̀wé.