Ọjọ́ Mẹ́ta ní Àbíjàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn mìíràn wà tí wọn kì í ṣe àlejò mọ́ ní ìlú tí wọ́n ń gbé, tí iṣẹ́ òòjọ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n ráàyè wo ìlú náà rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá àti Àbíjàn. Ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó ní ẹni tí ó wà ní Côte d'Ivoire tàbí tí ó ti ibẹ̀ dé. Ọkọ̀ a máa gbéra láti Èjìgbò, a gba orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Gánà kọjá kí ó tó dé ọ̀hún. Èdè Faransé a máa jáde lẹ́nu àgbàlagbà tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ohun tí Ànàgó mọ̀ nípa Àbíjàn kò kéré: ó mọ ọjà Treichville àti ti Adjamé, ó mọ iye tí owó séfà jẹ́ ní náírà, ó mọ ọ̀nà tí a ń gbà fi owó ránṣẹ́ sílé. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ni kò ráàyè wò.

Ìdí nìyí tí ìbẹ̀wò ọjọ́ mẹ́ta, láìkánjú, fi ní adùn tirẹ̀. Ẹni tí ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò ru ọjà, tí kò sì wá gba gbèsè, ní ohun kan tí oníṣòwò ọgbọ̀n ọdún lè má ní: ó ní àyè. Kò pọn dandan kí ó dé gbogbo ibi. Ẹni tí ó bá sáré kiri ìlú, àárẹ̀ ni yóò gbé padà sílé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ibi mélòó kan sì tó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kí ó kọ́kọ́ béèrè orúkọ ìlú. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé bàbá arúgbó kan, ọmọ Ébrié, ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ewé tí yóò fi ṣe òrùlé, nígbà tí òyìnbó kan pàdé rẹ̀ tí ó sì bi í ní orúkọ ibi tí wọ́n wà. Bàbá kò gbọ́ Faransé. Ó rò pé ohun tí òun lọ ṣe ni wọ́n ń béèrè, ó sì dáhùn ní èdè rẹ̀ pé òun ń ti ibi tí òun ti lọ gé ewé bọ̀ ni. Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀. Yálà ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ èdè kò ní tètè gbàgbé ìlú ńlá tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti inú àṣìgbọ́. Grand-Bassam ni àwọn Faransé kọ́kọ́ fi ṣe olú-ìlú ní 1893. Ibà pọ́njú tí ó jà níbẹ̀ ní 1899 lé wọn lọ sí Bingerville, nígbà tí ó sì di 1934, ó kan Àbíjàn. Yamoussoukro ni olú-ìlú láti 1983, ṣùgbọ́n Àbíjàn ni èbúté ńlá àti ọjà ńlá wà.

Ọ̀sà Ébrié ni ó pín ìlú náà sí wẹ́wẹ́. Ní 1950 ni wọ́n ṣí ọ̀nà omi Vridi kí ọkọ̀ òkun lè wọlé; ní 1957 ni afárá Houphouët-Boigny so Plateau pọ̀ mọ́ Treichville, mọ́tò ń gba òkè rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń gba inú rẹ̀. Oníṣòwò a máa gba orí afárá nítorí ẹrù. Àlejò tí kò kánjú ní tirẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ ojú omi SOTRA láti Treichville lọ sí Plateau. Ìrìn náà kò gùn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn orí omi a fẹ́ sí i lójú, ariwo ọjà a sì dín kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Yóò rí La Pyramide, ilé tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó, tí Rinaldo Olivieri, ọmọ Ítálì, ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ parí ní 1973. Yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Paul, iṣẹ́ Aldo Spirito, tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní 1985. Òpó ńlá ṣọ́ọ̀ṣì náà dà bí ènìyàn tí ó na apá, tí ó ń fi okùn wọ́ ilé náà lẹ́yìn bí apẹja ti ń wọ́ àwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n tí ó gbà láti ti ìsọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta nítorí àlejò ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò yóò béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ó kọ́ ilé ṣóńṣó yìí?” Ẹ̀gbọ́n a dákẹ́ díẹ̀. “Àbúrò, ọjọ́ tí mo ti ń gba ibí kọjá ti pẹ́. N kò béèrè rí.” Ni yóò bá fi Faransé bi ẹni tí ó ń kọjá lọ. Àlejò kò gbọ́ èdè, onílé kò sì ráàyè. Ìgbà tí wọ́n bá jọ rìn ni ojú àwọn méjèèjì tó là sí ìlú.

Àwọn kan a máa pe Àbíjàn ní Paris ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rò pé oríyìn ni. Bernard Dadié, òǹkọ̀wé Côte d'Ivoire tí a bí ní 1916, tí ó sì kú ní Àbíjàn ní 2019, ti kọ ìwé kan ní 1959 tí ó pè ní Un Nègre à Paris. Nínú rẹ̀, ọmọ Áfíríkà kan lọ wo Paris fúnra rẹ̀, ó sì ń ròyìn ìwà àti ìṣe àwọn ará ibẹ̀ bí àwọn òyìnbó ti máa ń ròyìn tiwa. Ilé àṣà ńlá tí ó wà létí omi ní Treichville ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá rántí ìwé náà kò ní wá Paris kiri ní Àbíjàn.

Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n jókòó jẹun ní ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ gbangba tí wọ́n ń pè ní maquis. Dòdò tí à ń jẹ nílé ni wọ́n ń pè ní aloko. Atiéké ni kí àlejò fara balẹ̀ tọ́ wò. Ẹ̀gẹ́ ni, bí ẹ̀gẹ́ ti di gààrì: wọ́n ń rin ín, wọ́n ń jẹ́ kí ó kan, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì ń jọ̀ ọ́. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé a ń yan gààrì nínú agbada, ooru omi ni wọ́n sì fi ń se atiéké. Ní 2024, UNESCO kọ ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti igbó Banco, igbó kìjikìji tí ó lé ní 3,000 hẹ́kítà, tí a sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1953, tí ìlú sì yí i ká. Ibẹ̀ tutù, ó sì dákẹ́. Ó yẹ kí a rántí pé orúkọ Àbíjàn ti jẹ́ ìpayà rí fún ọ̀pọ̀ ilé ní Èjìgbò. Ìjà tí ó tẹ̀lé ìdìbò 2010 gba ẹ̀mí tí ó tó 3,000. Àwọn òbí ń dúró de ìpè ọmọ. Àwọn mìíràn fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n sá wálé lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lórí fóònù, nítorí pé “àlàáfíà ni a wà” ni a máa ń fi ránṣẹ́ sílé. Kì í sì í jáde nínú ìsọ̀ tí oníbàárà ń wọ̀ tí ń jáde. Lábẹ́ igi, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lé ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n lè sọ ibi tí ó sá pamọ́ sí àti ẹni tí ó fún un ní omi mu. Àbúrò tí ó bá kánjú kò ní gbọ́ ọ láé.

Ẹrù ìpadàbọ̀ àlejò kì í wúwo: atiéké díẹ̀ fún ìyá nílé, àti ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Ní ọ̀la, ìsọ̀ yóò ṣí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n náà bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ tí a bí sí Àbíjàn wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, tí ó sì sọ fún wọn ní èdè Yorùbá ẹni tí ó kọ́ ilé ṣóńṣó, ìbẹ̀wò ọjọ́ mẹ́ta náà ti so èso.