Ọkọ́ ni, kì í ṣe ọkọ̀

Àwa mẹ́ta la dá owó jọ ra gìtá kan ní ọdún tí a wọlé ní Òmù-Àrán. Ẹnì kan ní ìka gígùn, ẹnì kan mọ orin kọ, ẹnì kẹta ló ní àpò tí a fi ń gbé e kiri. Títí di ìparí ọdún kejì, chord mẹ́rin péré la mọ̀: G, C, D àti E minor. Ìyẹn sì tó fún ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí à ń kọ ní fellowship, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi wá léèrè iye ohun tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì.

Ìgbà tí bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa papò dà ni ìbéèrè náà dé.

Àgbẹ̀ ni bàbá. Iṣu tí wọ́n ń gbìn ni wọ́n fi san owó ilé-ìwé ọmọ, tí wọ́n tún fi san ti ọmọ-ọmọ. Nígbà tí ẹbí ní kí á wá kọrin ní alẹ́ àìsùn, ọ̀rẹ́ wa kọ̀, kò fẹ́ orin tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ó kọ ìlà kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀: Ọkọ́ ni Bàbá fi tọ́ wa. A wá ohùn sí i lórí gìtá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì dùn mọ́ wa létí gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́. Bí a ṣe dákẹ́ ni àbúrò bàbá lóbìnrin gbójú sókè láti orí àga rẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ rí?”

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Ìlà kan ṣoṣo tó fi fẹ́ dágbére fún bàbá ti sọ wọ́n di awakọ̀. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn o, ìdúpẹ́ sì ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, níbi tí a ti máa tún orin yìí kọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a jókòó ti gìtá. Ọrùn rẹ̀ ní àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú, fret ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti ọ̀kan sí èkejì jẹ́ semitone, ìdajì ohùn. Tí o bá ka méjìlá, o ti padà sí ohùn tí o ti gbéra, àmọ́ lókè. Gbogbo orúkọ tó ń bà wá lẹ́rù nínú ìwé, iye fret lásán ni wọ́n: mẹ́ta ni minor third, mẹ́rin ni major third, márùn-ún ni perfect fourth, méje ni perfect fifth. Ẹni tó bá ti ń fi fret karùn-ún tune gìtá rẹ̀ ti ń lo perfect fourth láìmọ̀, àyàfi láàárín okùn G àti B tó jẹ́ fret kẹrin. Ibẹ̀ ló máa ń dà wá láàmú jù.

Kò pẹ́ tí a fi rí àṣìṣe wa. Orin wa bẹ̀rẹ̀ lórí D, ìyẹn fret kẹta lórí okùn kejì, ó sì já sí B, okùn kan náà láìtẹ̀ ẹ́. Minor third tó ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ó dùn, bí ìgbà tí ọmọdé ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ níta. Ṣùgbọ́n ọkọ́ ń gòkè ni. Èyí tó ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ ni.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í bi wá nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ọ̀pọ̀ orin inú ìwé orin wa ló jẹ́ pé ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, orin ń lọ sísàlẹ̀. A ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí láti kékeré ni kò fi dùn wá. Orin tuntun kò ní irú àǹfààní yẹn. T. K. E. Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ọ̀ràn ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin yìí sì wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún. Ṣáájú rẹ̀ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, ti ń ṣe orin ìsìn tó bá èdè wa mu. Ó gba díẹ̀ nínú wọn sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Àwa ò ka ìwé kankan kí a tó gbé gìtá lọ síwájú àgbà.

A kọ́kọ́ sá lọ sọ́dọ̀ dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A fi G sí gbogbo dò, A sí gbogbo re, B sí gbogbo mí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ṣìnà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dún bí ọmọ kíláàsì kìíní tó ń ka ABD. Ọ̀rẹ́ wa ní òun ò ní gbé ìyẹn síwájú ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán, a lọ kí màmá náà, a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa sọ ìlà yẹn sínú fóònù. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí kò ní àsìkò. A gbọ́ ọ títí. Mí inú ọkọ́ ga ju mí inú tọ́ lọ dáadáa, nítorí pé bí gbólóhùn ṣe ń lọ ni ohùn ń rọlẹ̀, pàápàá tí dò bá ti gba àárín kọjá. Mí tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá re àkọ́kọ́ dọ́gba. Kò sí fret kankan tó jẹ́ ilé re. Ohùn tó yí i ká ló ń sọ ọ́ di re. Nínú bàbá pàápàá, ohùn wọn kò fò láti dò sí mí, ńṣe ló yọ́ gòkè. Gángan lè ṣe ìyẹn tí o bá fún ọsán rẹ̀. Lórí gìtá, àfi kí o fa okùn, tàbí kí o ní irú gìtá steel tí Demola Adepoju ta nínú àwo Juju Music ti King Sunny Adé ní 1982, èyí tí kò fi ti fret ṣe rárá.

A ò ní steel. A kàn yí ojú minor third wa padà: B ṣáájú, D tẹ̀lé e, fret mẹ́ta kan náà, ó wá ń gòkè. Lẹ́yìn náà A, G, B, A, B, A. Ẹni tó bá ní gìtá nítòsí, kó gbìyànjú rẹ̀ wò. B tó jẹ́ re ní ìbẹ̀rẹ̀ ló padà di mí níparí, etí kò sì jiyàn.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, màmá ò sọ nǹkan kan nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, wọ́n ń gbè é lábẹ́ ohùn. Ọ̀rẹ́ wa kọ ọ́ dé òpin, ó wá lọ dúró sẹ́yìn ilé fún ìgbà díẹ̀. Bí a ṣe ń di gìtá sí àpò ni màmá pè wá.

“Ọkọ́ nìkan kọ́ o. Àdá náà ń bẹ níbẹ̀.”

Àdá: dò, mí. A ṣì ń wá ibi tí a máa fi sí.