Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Ìyá Àkàrà-oògùn?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé tí D.O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé jáde ní ọdún 1938, tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. N kò tíì rìn jìnnà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti pọ̀ lọ́kàn mi.

Èkíní: ta ni ó ni “mo” inú ìwé yìí? Òǹkọ̀wé jókòó jẹ́ẹ́, bàbá arúgbó kan tọ̀ ọ́ wá, ó ní kí ó mú kálàmù àti ìwé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, “mo” ti di ti bàbá náà, Àkàrà-oògùn. Ẹni tí ó kọ ìwé kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Èkejì: kí ni iṣẹ́ òǹkàwé? Fágúnwà yan iṣẹ́ méjì fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà, kí á fi ara wa sí ipò rẹ̀, kí á sọ ọ́ bí ẹni pé àwa gan-an ni, kí á sì máa fa ọgbọ́n yọ fúnra wa. Nítorí náà ni mo ṣe ń kà á sókè fún ìyá àgbà mi ní Ìdògo níhìn-ín, ìlú tí ojú irin láti Ìfọ̀ ti máa ń dópin láyé àtijọ́. Yorùbá inú ìwé náà kì í ṣe ti ẹnu àwa ará Yewa gan-an, síbẹ̀ òwe rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìyá àgbà.

Ibi tí Àkàrà-oògùn ti ń sọ ìtàn àwọn òbí rẹ̀ ni ohùn mi ti rẹlẹ̀. Ó ní àjẹ́ ni ìyá òun, pé ó pa àwọn orogún rẹ̀ àti ọmọ wọn, àti pé ẹranko tí bàbá òun yìnbọn pa, ìyá òun ni. Ní ìlú tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìtàn nìkan. Ìyá arúgbó tí ọmọ ń kú fún ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nàka sí, ìyá àgbà mi sì ti sin ọmọ mẹ́ta.

Wọ́n bi mí pé, “Ta ló sọ pé àjẹ́ ni?”

“Ọmọ rẹ̀ ni, ìyá.”

“Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ló sọ?”

Mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Títí dé ibi tí mo kà dé, kò sí ibi tí obìnrin náà ti ro ẹjọ́ tirẹ̀.

Èyí ni ìbéèrè kẹta: bí á bá ní láti dúró ní ipò ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò dúró ní ipò ẹni tí a kò fún ní ọ̀rọ̀ sọ? Ẹlòmíràn lè ní ìtàn ni ìtàn ń jẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ kejì tí Fágúnwà yàn fún wa nìyẹn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Mo ṣì ń kà á lọ. Ìyá àgbà ní n kò gbọdọ̀ fo ojú ewé kankan; wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin náà yóò tún yọjú níwájú.