Àpá Tí N Kò Wò

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń yẹ imú bàbá yẹn wò, n kò wo ẹsẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, ní gúúsù Bahia ní Bràsíl, níbi tí mo ti ń ṣe dókítà. Imú wọn dí, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, èépá sì bo inú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ pè é ní ọ̀fìnkìn tó wọra. Nígbà tí oògùn kò ràn án, mo fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, mo fura sí ẹ̀tẹ̀, mo fura sí jẹjẹrẹ. A gé ẹran díẹ̀ nínú imú náà fún àyẹ̀wò, wọn ò rí kòkòrò kankan. Mo wá gbà pé àgọ́ ara wọn ló ń dojú ìjà kọ ara rẹ̀, mo sì fún wọn ní sìtẹ́rọ́ìdì. Wíwú náà wálẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ògiri tó pín imú sí méjì ti lu, ohùn wọn sì ti há.

Ìyàwó wọn ló sọ̀rọ̀: "Dókítà, ṣé kì í ṣe egbò ẹsẹ̀ ọjọ́sí ló tún dé?" Ìyá yẹn ti fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ti imú ná.

Bàbá ká ṣòkòtò sókè. Àpá roboto kan wà lójúgun wọn, ó jìn, awọ ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ti pé ọdún 11. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ díẹ̀ nígbà náà, egbò jiná, wọ́n padà sóko.

Leishmania braziliensis ni, kòkòrò àìfojúrí tí Gaspar Vianna sọ lórúkọ lọ́dún 1911. Eṣinṣin kan bíi kantíkantí, tó kéré ju ẹ̀fọn lọ, ló ń gbé e wọ ara ènìyàn. Egbò awọ lè jiná pátápátá, kí kòkòrò náà sá pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó yọ nímú tàbí lọ́fun. Tó bá débẹ̀, kì í pọ̀. Ìbínú ara sí i ló ń jẹ ẹran imú, nítorí náà àyẹ̀wò lè ṣòfo kí àrùn sì wà níbẹ̀.

A wá DNA rẹ̀ nínú ẹran imú náà, a rí i. Ọjọ́ 30 ni bàbá fi gba abẹ́rẹ́ Glucantime, à ń yẹ ọkàn wọn wò lóòrèkóòrè, torí oògùn náà lè pa ọkàn lára. Egbò jiná. Ihò kò dí, ohùn kò sì padà bọ̀ sípò.

Ojú àpá kì í jọ ojú ara: láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Nísinsìnyí, kí n tó tan iná sí imú ẹnikẹ́ni, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká ṣòkòtò sókè. Bí ìyàwó bá sì tẹ̀ lé wọn wá, màmá ni mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.