Ojú Ọmọ Lójú Òpó Ilé Ìwé

Nígbà tí àwa wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pátákó ni ilé ìwé fi ń polówó ara rẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ ilé ìwé sí i gàdàgbà, wọ́n á ya ọmọ méjì tó gbé báàgì kọ́ èjìká sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kì í jọ ọmọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé inú orí ayàwòrán ni wọ́n ti wá. Ilé ìwé tó bá lówó díẹ̀ á gba onílù, àwọn ọmọ á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á yí àdúgbò po ní Sátidé kan, ó parí. Ní báyìí, bí oṣù kẹjọ bá ti ń wọlé ní Ìbàdàn níbí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Facebook, Instagram, TikTok, státọ́ọ̀sì WhatsApp: ọmọ ń jó, ọmọ ń kàwé, ọmọ ń ka orúkọ olú ìlú àwọn orílẹ̀-èdè bí ẹni ń ka oríkì, ọmọ ń gba ẹ̀bùn. Ọmọ gidi ni àwọn wọ̀nyí o. Wọ́n ní ìyá, wọ́n ní bàbá.

Àwa tọkọtaya tí à ń kọ èyí bí ọmọ mẹ́ta, ìbejì ọkùnrin àti àbúrò wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ni ní ilé ìwé girama ìjọba, èkejì ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Nítorí náà, kì í ṣe pé a kórìíra ayélujára. Ẹni tó ń ta léèsì àti àǹkárá láyé ìsinsìnyí tí kì í gbé e sí státọ́ọ̀sì, eṣinṣin ló máa jókòó lé nínú ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìwé aládàáni náà, òwò ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Bí ọmọ tuntun ò bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ó lè máà sí owó oṣù fún àwọn tíṣà ní oṣù kẹwàá. Òbí tó ń wá ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀ á kọ́kọ́ wo fóònù kó tó wọkọ̀ lọ wo ibẹ̀. A ò lè bá olùdásílẹ̀ ilé ìwé jà pé ó ń pàtẹ síbi tí oníbàárà wà.

A ti rí oore rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, WhatsApp ni àwọn ìbejì fi ń bá ilé ìwé lọ. Tíṣà wọn á kàwé sínú fóònù, á fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, àwa náà á ya fótò iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, a ó fi ránṣẹ́ padà. Dátà ń jẹ owó, iná ò sí, àmọ́ wọn ò gbàgbé ìwé kíkà. Ìyá wa àgbà tó wà ní Ìsẹ́yìn kò lè wá síbi àṣekágbá ilé ìwé, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ìbejì lórí fóònù ọmọ aládùúgbò rẹ̀, ó sì ki wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ilé ìwé girama tí ọ̀kan nínú wa ti ń kọ́ni, orí Facebook ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀rí ti wá ara wọn rí. Àwọn kan wà ní London, àwọn kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n dáwó jọ, wọ́n tún òrùlé kíláàsì méjì ṣe. Ilé ìwé náà fúnra rẹ̀ ò ní ojú òpó kankan. Tíṣà ìjọba tó bá gbé fótò òrùlé tó ń jò síta, kúẹ́rì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí kápẹ́ńtà tó dé. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn ṣá.

Ọ̀rọ̀ ìgbín ló jẹ́ ká jókòó ro ọ̀ràn yìí dáadáa.

Ní táàmù kejì ọdún tó kọjá, tíṣà kan ní ilé ìwé tí ọmọ wa obìnrin ń lọ ń ya fídíò ní kíláàsì. Ó ń gbé àwòrán ẹranko sókè, àwọn ọmọ ń dárúkọ wọn lédè òyìnbó. Ó kan ọmọ wa, àwòrán ìgbín ló yọ sí i. Ọmọ dìde, ó dúró ṣánṣán, ó ní, "Ìgbín!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un wí. Ọmọ tún un wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó tún ní kó wí i lẹ́ẹ̀kẹta. Fídíò náà ò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ilé ìwé gbé e sí ojú òpó wọn, wọ́n to àwọn àmì ẹ̀rín tó ń da omijé sí i, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ àwọn ò ní í fi ẹ̀rín pa àwọn.

Oníbàárà kan ló fi hàn wá ní Gbági. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe àbúrò àwọn ìbejì nìyí?" Obìnrin náà ò mọ ilé ìwé náà rí. Inú ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí a délé, àwọn ìbejì sọ ohun tí wọ́n ti ń pa mọ́ fún wa: ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń pe àbúrò wọn ní Ìgbín. Wọ́n á ní kó máa rá bọ̀. Wọ́n á ní ṣé ó gbé ilé rẹ̀ dání. Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ń jẹun a máa ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, ó wá di ẹni tí kì í nawọ́ sókè mọ́ ní kíláàsì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bi wá léèrè bóyá ọ̀rọ̀ burúkú ni ìgbín. A ní rárá, ìgbín ni ẹranko náà ń jẹ́, kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Ó ní, "Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín?"

A gba ilé ìwé lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Olùdásílẹ̀ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, gbà wá tọ̀yàyà tọ̀yàyà, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Eré ni. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, kò sí fídíò wa kankan tí wọ́n wò tó o."

A ní, "Mọ́mì, ọmọ náà ò fẹ́ràn rẹ̀."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní a ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù nígbà tí ọmọ wọlé. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú fọ́ọ̀mù náà wá, wọ́n sì mú un wá. Wọ́n béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ níbẹ̀, wọ́n béèrè àìsàn tó ń ṣe é, ẹni tó lè wá mú un lọ́sàn-án, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Kò sí fótò níbẹ̀, kò sí fídíò. Lójú wa níbẹ̀ ni Mọ́mì ti ní kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò, a sì dúpẹ́. Àmọ́ èyí tó ti wà lórí fóònù onífóònù, ta ló máa lọ máa gbà á kiri? Bí a ṣe fẹ́ dìde ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tó bá wa délé. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, oníṣòwò lẹ̀yin náà. Bí mi ò bá fi ojú ọmọ hàn, kí ni kí n fi hàn? Àga?"

Ìbéèrè gidi ni, a ò fojú kékeré wò ó. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé àǹkárá tí à ń gbé sí státọ́ọ̀sì kì í dàgbà. Kò ní í wá iṣẹ́ lọ́jọ́ kan kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ tẹ orúkọ rẹ̀ sórí Google. Kò sì ní ẹlẹgbẹ́ tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lákòókò ìsinmi.

Òfin náà sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé a kì í kà á ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọ, ó sì fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ní bó bá jẹ́ pé àṣẹ ni èèyàn fẹ́ gbà láti lo ohun tó jẹ mọ́ ọmọdé, ọwọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni kó ti gbà á. Orúkọ, fótò, ọjọ́ ìbí, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ohun tí òfin ń pè ní dátà. Facebook, Instagram àti TikTok pàápàá ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ṣí ojú òpó lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá wò ó: ọmọ ọdún méje ò gbọ́dọ̀ ní ojú òpó, àmọ́ kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í yọjú lójú òpó ẹlòmíràn.

Èyí tó tún ń bà wá lẹ́rù ju ẹ̀rín lọ ni fótò ọjọ́ ìbí. Ẹ lọ wo ojú òpó ilé ìwé tó bá súnmọ́ yín. Ẹ máa rí fótò ọmọ nínú yunifọ́ọ̀mù, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ọdún tó pé, kíláàsì tó wà, nígbà míràn wọ́n á tún kí ìyá rẹ̀ tòun ti iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe. Fótò kejì, bọ́ọ̀sì ilé ìwé, nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere. Fótò kẹta, àwọn ọmọ lẹ́nu géètì ní aago méjì ọ̀sán. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan lọ́nà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ lọ, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ọmọ náà tó padà sílé. A ò sọ pé ojú òpó kankan ló fa èyí o, kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé nílùú tí irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀, a kì í to ọ̀nà ilé fún àjèjì. Àwọn àgbà wa kì í jẹ́ ká ka iye ọmọ wọn lójú wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe jàre.

A gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ibẹ̀ la ti rí i pé kò rọrùn bí a ṣe rò. Bàbá kan dìde, ó ní òun ń sanwó, òun fẹ́ rí ọmọ òun lórí Facebook, kí àwọn ẹbí òun ní ìlú òyìnbó lè mọ̀ pé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ò lọ sí ọtí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni bàbá yẹn sọ. Ìyá kan ní ọmọ òun ti sunkún délé rí nítorí pé wọn ò gbé tirẹ̀ síta bí wọ́n ṣe gbé ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tíṣà jókòó sẹ́yìn, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìpàdé ni ọ̀kan nínú wọn tó yọ́ sọ fún wa pé wọ́n ti ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan máa mú fídíò méjì wá lọ́sẹ̀, dátà ara wọn ni wọ́n sì fi ń gbé e lọ. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé tíṣà tó ya fídíò ìgbín ń wá èyí tó máa fi pé méjì ni. Ìbínú wa sí i rọlẹ̀ díẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìṣirò nígbà tó jẹ́ pé fídíò ni wọ́n ń kà mọ́ ọn lọ́wọ́?

Èrò tiwa ni pé kí ilé ìwé ní ojú òpó, kó sì lò ó dáadáa: ọjọ́ ìwọlé, owó ìdánwò, ọ̀nà tí omi òjò ti bàjẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, oko ilé ìwé, ẹ̀yìn orí wọn níbi tí wọ́n ti ń kàwé, eré ìje tí èèyàn ń wò lókèèrè. Ojú ọmọ kan ṣoṣo pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i lọ́dọọdún, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Èyí tó bá jẹ́ ti ìdílé, kí wọ́n fi sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí kíláàsì náà, kí bàbá tó ń fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó máa mú ti ọmọ tirẹ̀ níbẹ̀. Fóònù ilé ìwé ni kí wọ́n máa fi yà á, kì í ṣe fóònù tíṣà, nítorí pé tíṣà lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, tòun ti ọmọ wa nínú fóònù rẹ̀. Ní ti ọmọ tó ń sunkún, tó ṣubú, tó jẹ owó ilé ìwé, tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí wọ́n má ya á rárá. Lórí èyí, a ò ní í dúnàádúrà.

Mọ́mì ò gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní yé fi ọjọ́ ìbí síta, nítorí pé òun ló ń mú òbí tuntun wá jù, àmọ́ wọ́n máa yọ orúkọ bàbá àti ọdún ọmọ kúrò. A ṣì ń fà á. Wọ́n dá fídíò méjì lọ́sẹ̀ dúró, àwọn tíṣà sì ti ń kí wa dáadáa láti ìgbà náà.

Fọ́ọ̀mù tuntun dé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí. Wọ́n ti fi fótò àti fídíò sí i, nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ iye owó yunifọ́ọ̀mù, pẹ̀lú àpótí kékeré méjì, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ wa obìnrin jókòó tì wá nígbà tí a ń kọ ọ́, la bá bi í léèrè. Ó ronú díẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi ojú òun síbẹ̀, àmọ́ bí òun bá ya àwòrán tó dára, kí wọ́n gbé e síta, kí wọ́n sì kọ orúkọ òun sí abẹ́ rẹ̀. Kò sí àpótí fún ìyẹn lórí fọ́ọ̀mù náà, a bá fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.