SÍLÍŃDÀ ÀLÒKÙ NÍ HIGH SPRINGS: Ẹ WO ỌRÙN RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, High Springs lorúkọ rẹ̀. Kò jìnnà sí Gainesville. Ẹni tó bá débẹ̀ láàárọ̀ Sátidé lè rò pé àwọn jórinjórin ló ń ṣèpàdé, nítorí sílíńdà ló máa ń wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o! Òmùwẹ̀ ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ tí wọn yóò máa mí lábẹ́ omi ló wà nínú sílíńdà wọ̀nyẹn.

Omi ló gbé ìlú náà níyì. Lẹ́bàá odò Santa Fe, omi mímọ́ gaara ń tú jáde láti inú ihò àpáta, èèyàn á máa rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Ìgbà ooru ni o, ìgbà òtútù ni o, bákan náà ni omi ọ̀hún ń rí lára, bí ìwọ̀n 22 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ní Ginnie Springs, ihò kan wà tí wọ́n ń pè ní Devil's Eye, ìyẹn Ojú Sàtánì. Ó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ jìnnà. Wọ́n ri pátákó mọ́ inú omi níbẹ̀, wọ́n ya àwòrán Ikú sí i, pé kí ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá wà nínú ihò yẹn kò lè sáré gba òkè jáde, òkúta ló wà lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbé pọ̀n sẹ́yìn ni ẹ̀mí rẹ̀.

Ó DÁN YINRIN, ṢÙGBỌ́N...

Sílíńdà tuntun wọ́n, ẹyọ kan kì í sì í tó ẹni tó ń wọ ihò. Ìdí nìyẹn tí àlòkù fi ń tà. Ẹlòmíràn ti dàgbà, kò wẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta ẹrù rẹ̀. Wọ́n á nù ún, wọ́n á kùn ún, á máa dán yinrin. Ẹni tí kò mọ̀ á ná an, á sanwó, á gbé e dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rọ afẹ́fẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù á wò ó, á ní òun kò ní rọ ọ́. Owó wọgbó nìyẹn.

Oníṣọ́ọ̀bù kò ṣìkà. Ẹ̀yin fọganáísà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 lọ lórí gééjì. Ti sílíńdà alumíníọ̀mù tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn òmùwẹ̀ jẹ́ 3000! Bí táyà bá bẹ́, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Bí sílíńdà bá bẹ́ ńkọ́?

ỌRÙN LÓ Ń SỌ̀TÀN

Gbogbo ìtàn sílíńdà ni wọ́n lù mọ́ ọn lọ́rùn. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá rí 3AL, alumíníọ̀mù ni. Bí ó bá jẹ́ 3AA, irin ni. Agbára tó lè gbà wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, àti oṣù òun ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni òfin ní kí wọ́n tún un dán wò, wọ́n á sì lu déètì tuntun mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí 6 lápá kan àti 19 lápá kejì, oṣù kẹfà ọdún 2019 nìyẹn, ó ti tó ìdánwò ní 2024. Pé déètì ti kọjá kò ní kó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ rọ ọ́. Ẹni tó gbọ́n á ní kí ẹni tó ń tà á lọ dán an wò ná, tàbí kó yọ owó ìdánwò kúrò nínú owó ọjà.

OMI NI WỌ́N FI Ń DÁN AN WÒ

Wọ́n á tú ẹnu rẹ̀, wọ́n á tan iná sínú rẹ̀, wọ́n á wá ìpẹtà, ihò àti sísán. Ìpẹtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: bí irin bá ń dógùn-ún, ó ń jẹ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Gééjì á ní ó kún, ẹni tó ń mí in á sì dákú lábẹ́ omi.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á rì í sínú omi mìíràn, wọ́n á wá tì í dé 5000. Omi ni wọ́n ń lò nítorí omi kò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí sílíńdà bá sán, kò ní fò bí ọta ìbọn. Á wú díẹ̀. Bí wọ́n bá tú agbára náà, ó yẹ kó sún padà. Bí ohun tí kò sún padà bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá wíwú rẹ̀ lọ, ó ti kú nìyẹn.

Irú kan wà tí à ń sá fún. Alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 6351 máa ń sán lọ́rùn díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ Luxfer ní Amẹ́ríkà pa á tì ní 1988. Ní 1998, irú rẹ̀ kan bẹ́ ní Riviera Beach, ní Florida kan náà, ó sì ṣe ẹni tó ń rọ ọ́ léṣe gidigidi. Láti 2007, òfin ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníná yẹ ọrùn rẹ̀ wò nígbà gbogbo tí wọ́n bá ń dán an wò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í fọwọ́ kàn án rárá. Bákan náà ni alumíníọ̀mù tí wọ́n ti fi iná yan ọ̀dà mọ́ lára, tàbí tí iná ti jó rí: agbára rẹ̀ ti lọ, bó ti wù kó dán tó.

Ẹ̀yin jórinjórin, ẹ̀yin fọganáísà, ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ tó ń fi gáàsì dáná, ọ̀rọ̀ High Springs kàn yín. Sílíńdà tiyín náà ní déètì lára. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ má wo ọ̀dà, ẹ má wo ẹ̀dínwó nìkan. Ẹ wá déètì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà bò ó, tàbí tí wọ́n ti fi fáìlì há a kúrò, ẹ gbé e sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ọjà mìíràn ń bọ̀. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.